Owó Igi àti Owó Ìka

Ní ọdún 2024, mo jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀ orin ní ìjọ kan ní ìlú Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ìjọ fẹ́ ra jìtá báàsì tuntun. Kì í ṣe irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a ń rà lọ́jà, bí kò ṣe èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mélòó kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí yóò rà á gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 6,000. Ní ọdún náà, tí dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà, a kò tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti àwọn aṣọ́bodè mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò máa ta jìtá náà ńkọ́? Náírà 25,000 ni ìjọ ń fún un lóṣù, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní owó ọkọ̀.

Mo ṣe ìṣirò náà sí ẹ̀yìn ìwé ètò ìpàdé. Owó jìtá náà tó láti san owó ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún ọgbọ̀n ọdún gbáko. Nígbà tí mo sọ èyí jáde, àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n dìbò, mo sì pàdánù. Èsì tí n kò rí àyè fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ fọ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ohun èlò náà ti ṣẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1951, gòjé gàgàrà kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn òyìnbó fi ń ta ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin ijó wọn. Ẹni tí ó ni ín ní láti dè é mọ́ orí ọkọ̀ bí ẹní di ẹrù iṣu. Bí ó bá sì dé agbo, fèrè àti ìlù yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Leo Fender, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ títún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton ní California, ni ó gbé jìtá báàsì oníná tí ó gba gbogbo ayé kan jáde ní ọdún 1951. Pákó pẹlẹbẹ ni, olókùn mẹ́rin. Ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọrùn rẹ̀ kí ìka má baà ṣì ibi tí ohùn wà. Ìdí nìyẹn tí ó fi sọ ọ́ ní Precision, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe ségesège. Ó fi ṣúkúrù mẹ́rin de ọrùn mọ́ ara, pé bí ọrùn bá dá, kí a tú u, kí a de òmíràn sí i. Iye rẹ̀ kò tó igba dọ́là. (Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè sọ pé igba dọ́là ìgbà náà ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là òde òní lọ. Òótọ́ ni, kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.) Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni Fender ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́ irinṣẹ́. Kò sí ẹni tí ń gbé ọkọ́ kọ́ sára ògiri.

Láti inú irinṣẹ́ yìí ni orin tí a ṣì ń gbọ́ dòní ti jáde. James Jamerson, ẹni tí ó ta báàsì fún ilé-iṣẹ́ Motown ní ìlú Detroit ní àwọn ọdún 1960, Precision kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962 ni ó fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ta á. Kì í pààrọ̀ okùn rẹ̀ àyàfi bí ó bá já. Okùn tí ó ti dọ̀tí, tí ó ti gbó, tí ó ti ku, òun ni Jamerson fi dá àṣà orin kan sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ní ìwọ̀nba ọjọ́ ṣáájú ikú rẹ̀, wọ́n jí jìtá náà gbé. N kò rò pé olè náà rí ohùn Jamerson nínú rẹ̀ nígbà tí ó tú u wò.

Jaco Pastorius, tí ó yí ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà ta báàsì padà ní nǹkan bí ọdún 1976, jìtá Fender ọdún 1962 ni tirẹ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Jazz Bass. Àwọn irin ọrùn rẹ̀ ni ó fà yọ. Ó sì fi oje dídì tí a fi ń tọ́jú ara ọkọ̀ ojú omi kun pákó náà kí okùn má baà jẹ ẹ́. Bí a bá gbé irú jìtá bẹ́ẹ̀ wá sí ìgbìmọ̀ wa, wọn yóò ní kí a gbé e lọ fún onígi ìdáná.

Nílé níhìn-ín pàápàá, kí báàsì tó dé, a ní agídìgbo, àpótí onírin tí ó ń kùn lábẹ́ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gbé jùjú dé òkè téńté ní àwọn ọdún 1970, báàsì ti di òpó inú orin náà. Inú rédíògírámù bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Mo dàgbà, mo wọ yunifásítì, mo ta báàsì díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa (n kò dára púpọ̀), mo sì jókòó ti àwọn àgbà onijìtá tí wọ́n lè sọ orin jùjú ogún ọdún fún ni láìwo ìwé. N kò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn bi èkejì léèrè irú igi tí wọ́n fi ṣe jìtá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Ta ni ó kọ́ ọ?"

Àwọn baba wa sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo rò pé òwe yìí ti parí ẹjọ́, àfi ìgbà tí mo kà pé láti ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Fender fúnra rẹ̀ ti ń ta jìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ họ lára, tí wọ́n bó ọ̀dà rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà, kí ó lè dà bí èyí tí àgbà ti fi ta orin fún ọgbọ̀n ọdún. Relic ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti èyí tí ń dán lọ. Ẹ ò rí i pé ọmọdé ti rí ibi tí ó ti lè ra àkísà! Ìjẹ́wọ́ ni mo pe èyí. Àwọn olùtajà náà mọ̀ pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá kò sí nínú jìtá tuntun, pé inú ọdún tí a fi fọwọ́ kàn án ni ó wà. Ni wọ́n bá ń ta àpá ọdún náà láìsí ọdún.

Ṣùgbọ́n etí ńkọ́? Ṣé etí kò mọ ìyàtọ̀ ni? Wọ́n ti dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò lórí fayolíìnì, ohun èlò tí owó rẹ̀ sọ owó báàsì di owó gúgúrú. Ní ọdún 2010, ní ìlú Indianapolis, Claudia Fritz àti Joseph Curtin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó fayolíìnì mẹ́fà jọ. Mẹ́ta jẹ́ tuntun; mẹ́ta jẹ́ ti àtijọ́, Stradivari méjì àti Guarneri kan, tí àpapọ̀ iye wọn tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Wọ́n pe àwọn tí ń ta fayolíìnì 21, wọ́n fi awò dúdú bò wọ́n lójú kí wọn má baà rí èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n yàn jù lọ jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n kọ̀ jù lọ jẹ́ Stradivari. Púpọ̀ nínú wọn kò sì lè sọ èyí tí ó jẹ́ tuntun yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ àtijọ́. Ẹnikẹ́ni lè ní Curtin ń ṣe fayolíìnì tuntun tà, pé ẹjọ́ ara rẹ̀ ni ó ń rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Curtin ni wọ́n bò lójú.

Mo mọ̀ pé fayolíìnì kì í ṣe báàsì. Ìyàtọ̀ wọn gan-an ni ó gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Lára fayolíìnì, igi ni ohùn. Inú àpótí igi yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń gbọ̀n kí ó tó dé etí wa. Báàsì oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn rẹ̀ tí ó nípọn jù lọ ń gbọ̀n ní ìgbà bí 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; mágnẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà bàbà wé ni ó ń gba ìgbọ̀nrìrì yìí tí ó ń sọ ọ́ di iná, tí iná náà ń gba inú wáyà lọ sínú áńpù, tí áńpù ń tì í jáde láti ẹnu ẹ̀rọ ńlá tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ yàrá àti òrùlé páànù. Ẹ wá fi ìlù òyìnbó kan, dùùrù oníná méjì, gángan àti ìyáàlù, akọrin ọgọ́ta, àtẹ́wọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé kún un. Bí etí àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ bá ṣìnà níbi tí igi ti jẹ́ gbogbo nǹkan, etí ta ni yóò mọ̀ pé igi olówó iyebíye ni ó wà lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí?

N kò sọ pé àwọn tí ń ṣe jìtá wọ̀nyí ń lu jìbìtì o. Ilé-iṣẹ́ Alembic ní California, tí ó ṣe báàsì fún Jack Casady ti ẹgbẹ́ Jefferson Airplane ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni a lè pè ní aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Fodera ní Brooklyn, tí Victor Wooten sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Ìṣòro tòótọ́ ni irú wọn dojú kọ. Wọ́n wá bí ariwo iná ṣe lè dín kù. Nígbà tí àwọn olórin fẹ́ okùn karùn-ún, èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà bí 31 péré, ọrùn tí kò le dáadáa kò lè gbé e: ohùn rẹ̀ á máa kùn bí ẹni tí ẹ̀kọ kún ẹnu rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n jókòó ti ìyẹn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ gbẹ́ igi kan ṣoṣo yẹ kí ó jẹun níbẹ̀, n kò sì ní í bá a ná owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n hùmọ̀ nígbà náà ti di ohun tí a ń rí lára jìtá dọ́là 700 tàbí 1,000 lónìí. Ohun tí ó kù tí a ń san ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé fún ni ẹwà.

Ẹwà kì í sì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute ní Chicago báyìí, ta ni yóò sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, òpó lásán lè gbé òrùlé dúró. Ọba Ìkẹ́rẹ́ kò pe Ọlọ́wẹ̀ torí pé òrùlé fẹ́ wó. Ẹwà àti ọlá ni ó pè é fún, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Bí olówó kan bá fi owó ara rẹ̀ ra báàsì Fodera nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa wò ó, kí ó gbádùn rẹ̀. Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ohun tí ń bí mi nínú ni kí a ra ọlá, kí a wá máa pè é ní orin.

Mo tún fẹ́ kí a wo igi náà fúnra rẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹwà. Púpọ̀ nínú igi tí wọ́n ń yìn lára jìtá wọ̀nyí, bùbíńgà, wẹ́ńgè, igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọrùn, inú igbó Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù àti Kóńgò ni wọ́n ti gé e. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2017, wọ́n ti gé bùbíńgà débi pé àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi fi òfin dè é. Ẹ̀yìnkùlé wa ni igi náà ti jáde ní ìtì. Orí wa ni ó sì tún ń padà bọ̀ sí, ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí jìtá tiwa? Ó dé. Ó lẹ́wà, n kò ní í purọ́. Ojú igi rẹ̀ dà bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, gbogbo ìjọ dìde láti wò ó. Lẹ́yìn ìsìn, alága ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí a ń kó owó ọrẹ sí, kí wọ́n tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé. Òun kò ní jìtá tirẹ̀. Jìtá ìjọ ti àtijọ́, tí ó ń gbé relé tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti tà kún owó tuntun. Ẹni tí ó ń fi báàsì dánra wò ní alaalẹ́ wá di ẹni tí ń fọwọ́ kàn án ní wákàtí mẹ́ta péré láàárín ọ̀sẹ̀. Mo rántí òwe àgbà ọjọ́ sí. Ẹni tí ó fẹ́ jẹ oyin kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ni. Ó ń jẹ́ kí àáké kan àpáta, kí ẹnu rẹ̀ ku bí yóò bá ku. Àáké tiwa kò gbọdọ̀ fara kan òkúta. Kí ni a fi ń wá oyin?

Ní bí oṣù méje lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí ó wà nínú jìtá náà dákẹ́. Olùtúnṣe tí a gbé e lọ bá wò ó, ó gbé e kalẹ̀ bí ẹní gbé ẹyin, ó ní òun kò lè tú ohun tí òun kò lè san padà. Wọ́n dúró de arìnrìn-àjò, wọ́n gbé e padà sí Amẹ́ríkà, ó sì lo oṣù mẹ́rin lọ́hùn-ún. Ní gbogbo ìgbà yẹn, báàsì kan tí a yá lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 300, ni a fi ń sìn. Mo jókòó sí ìlà kẹta ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń retí ẹni tí yóò wá sọ fún mi pé ohùn kan dín nínú orin. N kò rí ẹnì kan, àti alága àti àgbà olówe.

Wọ́n ní ohun tí ó dára jù lọ ni ó yẹ Ọlọ́run. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé nínú pákó àti ènìyàn, pákó ni ó dára jù? Ní ọdún kan náà, awọ ìyáàlù wa ya. Ọmọ Àyàn kan wá láti Ọ̀yọ́, ó bèèrè náírà 60,000 láti fi awọ tuntun bò ó, kí ó sì pààrọ̀ ọ̀ṣán rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ó wà níbẹ̀: awọ ewúrẹ́ tí a ó fá títí yóò fi fẹ́lẹ́, ọ̀ṣán tí a ó fà kí ó dọ́gba yíká, torí bí ọ̀kan bá dẹ̀, ìlù náà á máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ìgbìmọ̀ kan náà, àwọn tí kò ná kọ́bọ̀ kúrò nínú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ná ọkùnrin yìí fún ìṣẹ́jú ogójì, wọ́n ná an dé náírà 35,000. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ òyìnbó ni ó gbẹ́ igi, a ń pè é ní iṣẹ́ ọnà. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọmọ Àyàn, a ń ná an bí ẹní ń ná tòmáàtì ní Bódìjà.

Wọ́n bi mí lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ kìíní pé kí ni èmi ìbá fi owó náà ṣe. Ìbéèrè tí ó dára ni, mo sì ní ìdáhùn. Ǹ bá ra báàsì dọ́là 500, bí 750,000 náírà. Ǹ bá fi mílíọ̀nù kan àti 250,000 ra áńpù gidi àti wáyà tí kì í hó. Mílíọ̀nù méje á ṣẹ́ kù. Ǹ bá máa san 100,000 náírà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóṣù, fún ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́wàá, ǹ bá sì sọ fún un pé kí ó gbé jìtá náà lọ sílé, kí ó sùn tì í, kí ó kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta mìíràn, kí jìtá náà gbó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Jìtá náà ti padà dé láti Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sí mọ́. Ẹgbẹ́ alájó kan ní Èkó ni ó ń ta báàsì fún báyìí, wọ́n fún un ní jìtá tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, wọ́n sì ń sanwó fún un ní ìparí gbogbo òde. Ìpàdé ìgbìmọ̀ orin tún wà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo ti rí ìwé ètò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kìíní ni àpótí onírin tuntun tí a ó máa ti jìtá náà mọ́, náírà 400,000. Wíwá ẹni tí yóò máa ta á ni ó wà ní ipò kẹrin, lábẹ́ "Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn".